Fláàṣì Inú Àpótí Ẹbí

Nínú gbogbo ọ̀ṣọ́ tí ọmọ ènìyàn ti fi kọ́ ọrùn láti ọjọ́ tí ọrùn ti wà, kò sí èyí tó níyì tó fláàṣì. Ìyùn dára, ṣùgbọ́n ìyùn kò lè gba ìwé ìwáṣẹ́ àti àwòrán ìgbéyàwó mọ́ra. Wúrà dára, ṣùgbọ́n wúrà a máa sọ fáráyé pé o lówó, ọ̀rọ̀ tó lè kó bá ènìyàn. Fláàṣì kì í sọ pé o lówó. Ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà kan wà níbì kan tó ń dúró dè ọ́, pé iṣẹ́ pàtàkì kan wà láyà rẹ, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ irú iṣẹ́ tó jẹ́, kí ó lọ kàwé.

Ní Òmù-Àrán ní ìgbà tí mò ń sọ yìí, tí rédíò ń sọ lójoojúmọ́ pé owó epo ń wọlé bí òjò, tí àwa náà gbé garawa síta tí kò sí ohun tó kán sínú rẹ̀, ọ̀nà méjì péré ni a fi ń mọ ẹni tó kàwé. Àkọ́kọ́ ni pé kò ríṣẹ́. Èkejì ni fláàṣì ọrùn rẹ̀. Mo rí tíṣà kan tó so tirẹ̀ lọ sí ìrun Jímọ̀. Bó bá ti fẹ́ forí kanlẹ̀, fláàṣì á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Akọ̀wé kan wà ní ọ́fíìsì ìjọba tó ní méjì, dúdú àti pupa, ọ́fíìsì rẹ̀ kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Nígbà tí mo bi í pé kí ló ń kó sínú wọn, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

“Fáìlì,” ló wí.

Èmi ní tèmi, mo ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ti jáde yunifásítì, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìlọrin, mo sì ní lápútọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kan tí bátìrì rẹ̀ ti kú kí n tó rà á, débi pé bí iná bá ti lọ, òun náà ti lọ. Ẹni tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n mo fi wọ́n ṣẹ̀sín. Nígbàkígbà tí mo bá ti ilé dé, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á yí mi ká ní yàrá àwọn olùkọ́, èmi á sì ṣe bí tíṣà ọjọ́ Jímọ̀ ṣe ń forí kanlẹ̀ hàn wọ́n. Mo mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ẹbí wa ní oko kan lójú ọ̀nà tó ti Òmù-Àrán lọ sí Èsìẹ́. Ó sọ̀kalẹ̀ láti ẹ̀bá títì dé etí odò kékeré kan tí kì í gbẹ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Apá ìsàlẹ̀, èyí tó kángun sí odò, ni àbúrò bàbá mi obìnrin ń ro. Opó ni. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú ní Òmùpò, ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ilé bàbá rẹ̀, àwọn ẹbí sì fún un ní ìsàlẹ̀ oko yẹn pé kó máa rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ó gbin kajú sí i. Kò bímọ. Àwọn igi kajú yẹn ni ọmọ tó ní, àwọn náà ni yóò sì bọ́ ọ lọ́jọ́ alẹ́.

Ẹni kan ṣoṣo tó kù láyé tó mọ ààlà oko náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, olórí ẹbí wa. Òun ló bá bàbá wọn rìn ín nígbà tí wọ́n ń gbin pèrègún sí i. Kò sí ìwé, kò sí àwòrán ilẹ̀, orí Bàbá nìkan ló wà. Ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú, ikọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Níbi ìpàdé ẹbí tí a máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé Èkó dìde, ó ní kí a gba ohùn Bàbá sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Kò sọ ohun tí ó máa mú kí ó pẹ́ jù. Bàbá ló bá a sọ ọ́.

“Kí n tó kú, àbí?”

“Bàbá, ẹ máa pẹ́ fún wa.”

“Ìyẹn lẹ fi ń kánjú.”

Bàbá kò fẹ́. Ó ní ọ̀rọ̀ ààlà kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jẹ́ kó rìn káàkiri. “Bí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò bá gbọ́ ibi tí mo mọ̀ àti ibi tí mi ò mọ̀,” ló wí, “ibi tí mi ò mọ̀ ni wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í roko.” Ìgbà náà ni mo dìde, mo yọ fláàṣì kan lápò, mo fi hàn wọ́n. Mo ní kí Bàbá sọ̀rọ̀, kí n gbà á sínú lápútọ́ọ̀pù mi, kí n kó o sínú nǹkan kékeré yìí, kí a sì tì í mọ́ inú àpótí ẹbí.

“Ohùn mi á wà nínú èyí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá.”

“Èèyàn mélòó ló lè gbọ́ ọ?”

“Ẹni tí a bá fún nìkan.”

“Alákọ̀wé, mi ò bi ọ́ ní ti ẹni tí a bá fún. Olè ni mò ń bi ọ́.”

Mo ní bí kò bá ti sí ẹ̀dà míì níbòmíràn, olè ní láti wọ inú àpótí kí ó tó rí i. Mo ní ikán kò lè jẹ ẹ́, omi kò lè pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́ bí ó ti ń pa ti ìwé rẹ́, kì í gbàgbé, kì í darúgbó. Mo gbádùn ọ̀rọ̀ náà bí mo ti ń sọ ọ́. Bàbá ronú títí. Ó wá gbà, ṣùgbọ́n ó fi òfin kan lé e: ẹyọ kan ṣoṣo ni yóò jẹ́, kò sì gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi. Mo ní bó ṣe máa rí náà nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹyọ kan ṣoṣo kò dára. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ẹ̀dà méjì, mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú wà lára mi, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń dùn.

Àárọ̀ méjì ni a fi gbà á sílẹ̀, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. A gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn ilé ewúrẹ́ kí ariwo rẹ̀ má bàa wọlé, a na wáyà gígùn wá síwájú, mo ki ẹ̀rọ agbohùn bọ ẹ̀gbẹ́ lápútọ́ọ̀pù, mo gbé e sí iwájú Bàbá lórí odó tí a dojú rẹ̀ dé. Ó ní “Bísímílà,” ó sì bẹ̀rẹ̀. Èdè Ìgbómìnà tó jinlẹ̀ ló fi sọ ọ́, irú èyí tí àwa ọmọ ìsinsìnyí ń gbọ́ tí a kò lè dáhùn. Ó ti ìdí igi ẹ̀mí, igi tí à ń fi èso rẹ̀ ṣe òrí, tó wà ní ẹ̀bá títì bẹ̀rẹ̀, ó gba ìdí àpáta kan tí orí rẹ̀ là sí méjì, ó ka pèrègún kọ̀ọ̀kan, ẹni tó gbìn ín, ẹni tó dúró tì í nígbà tí wọ́n ń gbìn ín, ó sì sọ ọ̀rọ̀ dé ìkọjá odò, nítorí pé pèrègún tó gbẹ̀yìn wà ní òdìkejì odò, kì í ṣe níhìn-ín. Ó tẹnu mọ́ ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dé ibi àpáta, ó ní ibẹ̀ ni bàbá wọn sá pamọ́ sí fún odindi ọjọ́ kan nítorí agbowó-orí, tó jẹ́ pé ìhanrun rẹ̀ lójú oorun ló tú u fó. Àbúrò bàbá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ náà wọ inú ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kẹta ni ọjọ́ ìfilélẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Èkó ti pe ayàwòrán wá, ó ní ohun tí ẹbí wa ń ṣe yìí, àwọn ìdílé ńlá ní Èkó kò tí ì ronú kàn án. Gbogbo ilé wọ aṣọ Iléyá wọn. Mo jókòó sídìí lápútọ́ọ̀pù, Bàbá dúró lé mi lórí pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Mo gé ohùn náà kúrò nínú ẹ̀rọ tèmi, mo lẹ̀ ẹ́ sínú fláàṣì, ìlà aláwọ̀ ewé rìn láti òsì dé ọ̀tún, ó tán. Bàbá ní kí n ṣí ẹ̀rọ mi kí òun rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ kò lè rí ìka ọwọ́ ara rẹ̀ dáadáa. Mo ṣí i. Kò sí níbẹ̀ mọ́. A ya fọ́tò. Bàbá gba fláàṣì lọ́wọ́ mi, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé òun ni àgbà àwọn ọmọ-osú, àwọn obìnrin tí a bí sínú ilé, òun ló sì ń mú kọ́kọ́rọ́ àpótí.

Ọlọ́pàá kò lè tọ́jú nǹkan pamọ́ tó obìnrin yẹn. Ó ya aṣọ funfun, ó wé fláàṣì náà, ó kó o sínú agolo mílíìkì, ó fi káńfọ̀ mẹ́ta tì í kí aáyán má bàa débẹ̀, ó gbé e sáàárín rìsíìtì owó-orí bàbá rẹ̀ àti dàńdógó tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ mọ́. Lọ́dọọdún, níbi ìpàdé ẹbí, ó máa ń gbé e jáde, á tú aṣọ rẹ̀, á gbé e sókè kí gbogbo wa rí i, á sì tún wé e. Kò sí ẹni tó ní kí a ki í bọ kọ̀ǹpútà. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ ni a ṣe kó o síbẹ̀? Ní Ìlọrin, mo fi èyí náà kún eré mi. Mo máa ń fi ìdérí bíro ṣe fláàṣì, mo máa ń di ojú mi bí àbúrò bàbá mi ṣe ń di tirẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Bàbá kú. Owó epo tí rédíò ń ròyìn rẹ̀ lọ sí ibi tó ń lọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san ààbọ̀ owó oṣù fún wa, lẹ́yìn náà wọn kò san ààbọ̀ náà mọ́, mo sì ta lápútọ́ọ̀pù mi fún ẹni tó fẹ́ fi àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Ní àkókò yẹn ni ọkùnrin olówó kan láti ìsàlẹ̀ odò dé pẹ̀lú sọ́féyọ̀. Ó fẹ́ kọ́ ilé epo, ó sì ní ilẹ̀ bàbá òun ré odò kọjá wá sí apá ọ̀dọ̀ wa, ó dé ìdí àpáta. Gbogbo oko kajú wà láàárín odò sí àpáta. Àwọn àgbà àdúgbò dá ọjọ́, wọ́n ní kí oníkálukú mú ohun tó ní wá.

Ìdààmú bá gbogbo wa, àfi àbúrò bàbá mi. Ó pàdé ìyàwó ọkùnrin náà nídìí ẹ̀rọ omi.

“Ẹ ṣì ń ṣa kajú yẹn?” ni ìyàwó náà wí. “Ẹ yára ṣà á o, kátapílà ń bọ̀.”

“Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ pé,” ni ó dá a lóhùn. “Ẹ̀gbọ́n mi á bá yín sọ̀rọ̀.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú. Mo gbọ́ pé ẹni méjì gbé garawa wọn láìkún, wọ́n lọ sílé.

Mo ti Ìlọrin wá ní ọjọ́ mẹ́rin sí ìjókòó náà, kí a lè kọ́kọ́ dán fláàṣì wò. Àbúrò bàbá mi kò jẹ́ kí n nìkan mú un lọ. Ó gbé agolo sábẹ́ ìborùn rẹ̀, a jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù arábìnrin kan tó ń tẹ ìwé fún àwọn ènìyàn nítòsí ọjà. Arábìnrin náà gbà á, ó gbóòórùn rẹ̀.

“Ìyá, kí lẹ fi sínú rẹ̀?”

“Káńfọ̀ ni.”

“Fún fláàṣì?”

“Ìwọ kì í fi sí tìẹ?”

Ó ki í bọ̀ ọ́. Kọ̀ǹpútà dún bí ìgbà tó bá rí àlejò, ó wá kọ ọ̀rọ̀ jáde pé a ní láti fọ́máàtì rẹ̀ kí a tó lè lò ó. Arábìnrin náà yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó ki í bọ ihò míì. Ọ̀rọ̀ kan náà. Ó ki í bọ kọ̀ǹpútà kejì. Ọ̀rọ̀ kan náà.

“Kí ló ń sọ?” ni àbúrò bàbá mi bi mí.

“Ó ní kí a pa ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un?”

Mo ní kí arábìnrin náà yọ ọ́ kúrò. Lọ́jọ́ kejì ó gbà kí n gbé e lọ sí Ìlọrin, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkó ohun tó sọnù padà nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó fi wákàtí mẹ́ta yẹ̀ ẹ́ wò. Ó fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀: orúkọ tí mo sọ fáìlì náà wà níbẹ̀ gédégbé, kò sì sí ohunkóhun lẹ́yìn orúkọ náà. Mo bi í bóyá káńfọ̀ ló fà á. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, kò bàjẹ́ nínú agolo. Ohùn tí ẹ ń wá yẹn kò wọlé rí. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ ló fà á yọ kó tó kọ ọ́ tán. Ìlà tó ń sáré yẹn lè tán lójú, kó má tí ì tán nínú. Iná ìdí rẹ̀ ló yẹ kéèyàn máa wò.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wọ ọkọ̀ padà sílé, n kò sì sọ ohun tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún àwọn ará ilé pé kò ṣeé ṣe.

Ní ọjọ́ ìjókòó, ọkùnrin olówó náà mú àwòrán ilẹ̀ jáde, ó ní òǹtẹ̀ lára, ó ní àmì pupa níbi gbogbo tó yẹ kí pupa wà. Wọ́n bi wá pé àwa ńkọ́. Àbúrò bàbá mi dìde. Mo ti sọ fún un pé kí ó má ṣe mú agolo náà wá, ó mú un wá. Ó tú aṣọ funfun, ó gbé fláàṣì sókè bó ti máa ń ṣe níbi ìpàdé ẹbí.

“Inú ibí ni ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ sí,” ló wí.

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbà kan bi í jẹ́jẹ́ pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó rántí: igi ẹ̀mí, àpáta, agbowó-orí tó gbọ́ ìhanrun. Ó rántí ìhanrun dáadáa, nítorí pé ó pa á lẹ́rìn-ín. Kò rántí ẹni tó gbin pèrègún tó gbẹ̀yìn, kò sì rántí ẹni tó dúró tì í. Wọ́n ní kí ó jókòó. Kí oòrùn tó yí, ilẹ̀ ti di ti ẹni tó ní òǹtẹ̀. Wọ́n ṣàánú rẹ̀, wọ́n ní kí ó ṣa kajú ọdún náà tán.

Ó ṣà á. Lẹ́yìn náà kátapílà dé.

Níbi ìpàdé ẹbí tó tẹ̀lé e, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ba fláàṣì jẹ́. Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé Èkó kò lè wá lọ́dún náà, ó bá wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí a gbé sáàárín ilé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ò le. Káńfọ̀ ni. Káńfọ̀ a máa jẹ irin inú ẹ̀rọ, gbogbo ayé ló mọ̀. Ilé yí ojú sí àbúrò bàbá mi, wọ́n sì tún yí i sí mi.

“Alákọ̀wé,” ni ọ̀kan nínú wọn wí, “ìwọ lo mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣé káńfọ̀ lè bà á jẹ́?”

“Ó ṣeé ṣe,” ni mo wí.

Àbúrò bàbá mi tẹjú mọ́lẹ̀. “Aáyán ni mò ń sá fún,” ló wí. Nígbà tí ìpàdé tú, ó tẹ̀ lé mi dé ẹnu ọ̀nà, ó di ọwọ́ mi mú. “Ọmọ mi, má bínú. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́.”

Mo ní kò sí wàhálà.

Ó ṣì wà láyé. Àwọn ọmọ ilé ló ń bu oúnjẹ fún un nígbà tí oúnjẹ bá wà, àwọn náà kò sì ní tó. Kì í fi káńfọ̀ sí ohunkóhun mọ́. Nígbà tí mo délé gbẹ̀yìn, ó ṣí àpótí aṣọ rẹ̀ kí n bá a gbé nǹkan, mo rí i pé kòkòrò ti jẹ òfì ìgbéyàwó rẹ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá.

Fọ́tò ọjọ́ ìfilélẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Bàbá wà láàárín pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, àbúrò rẹ̀ wà lápá òsì, ó ń rẹ́rìn-ín sí ohun kan tí kò sí nínú fọ́tò. Èmi wà lápá ọ̀tún. Kí a tó ya á, ayàwòrán ti ní kí a ṣe kíá, oòrùn ti ń lọ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná kékeré tó wà ní ìdí fláàṣì ṣì ń ṣẹ́jú. Mo rí i. Mo mọ ohun tó túmọ̀ sí, mo ti kọ́ àwọn ọmọ ẹlòmíràn pé kí wọ́n dúró dè é. Mo fà á yọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti ra okùn aláwọ̀ búlúù sí i láti Ìlọrin, mo sì fẹ́ kí ó hàn nínú fọ́tò. Ó hàn. Èmi náà so fláàṣì mọ́ ọrùn.